Ọ̀rọ̀ tí Tíṣà Pa Rẹ́

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé, bírò pupa kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é: àwọn tó kọ́, ìyá àwọn tó kọ́, ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní ìkòríta, títí kan ọkọ tó fẹ́ ẹ sílé. Ọkọ yìí ló ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé wọn nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà ní ọ̀dọ́. Nígbà tó ń dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́, ó kọ lẹ́tà ojú ewé méjì sí i. Lọ́jọ́ kejì, Tíṣà dá lẹ́tà náà padà fún un, ó ti fi bírò pupa yí àṣìṣe mẹ́tàdínlógún po, ó sì fún un ní máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun á tún ìdánwò náà ṣe. Ó tún un ṣe, ó yege, wọ́n sì ti ń bá ara wọn bọ̀ láti ìgbà náà, ó lé ní ogójì ọdún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Dírẹ́bà fẹ́ dìde lórí àga kó lọ bu omi mu, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò dá a lóhùn. Ọwọ́ ọ̀tún náà kò dá a lóhùn. Ó la ẹnu láti pe ìyàwó rẹ̀, ohun tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò ní ilé ìwòsàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ka ohun tí Tíṣà gbọ́dọ̀ máa ṣe fún un bí ẹni ń ka ẹ̀wà sínú agbọ̀n, ó ń mi orí, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ló dé ilé. Wọ́n tẹ́ ibùsùn onírin kan fún ọkùnrin náà ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nítorí ó fẹ́ máa rí àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá. Àwọn tó ń tẹ bíréèkì láìnídìí ló ń bí i nínú jù.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gé dígí awò ojú. Ọjọ́ Sátidé nìkan ló ń ráyè wá. Òun ló rí ẹ̀kọ́ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ọ̀fẹ́, fún ẹnikẹ́ni tó bá ń tọ́jú aláìsàn nílé.

"Màámi, mo ti forúkọ yín sílẹ̀."

"Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ mi lọ́jọ́ ogbó yìí?"

"Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú bàbá mi."

"Ta ló ti ń tọ́jú bàbá rẹ láti ogójì ọdún?"

"Nígbà yẹn, ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n fi ń rìn."

Tíṣà na ọwọ́ gba fóònù náà, ó ní kó fi ibi tí wọ́n kọ orúkọ òun sí han òun.

Ènìyàn mẹ́tàlélógún ló wà nínú kíláàsì náà. Nọ́ọ̀sì kan tí irun rẹ̀ ti funfun ló ń kọ́ wọn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n máa ń rí ojú ara wọn lórí fóònù. Láwọn ọjọ́ yòókù, kóówá á ka ohun tí wọ́n bá gbé síbẹ̀ fún un. Nọ́ọ̀sì ní kí kálukú fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ orúkọ, kó lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti sọ̀rọ̀. Bí Tíṣà ṣe di Tíṣà níbẹ̀ náà nìyẹn.

Ohun tó dùn mọ́ ọn jù nínú ẹ̀kọ́ náà ni Àpò Ọ̀rọ̀. Ojú ewé kan ni, tí gbogbo wọn jọ ń kọ. Bí ẹnì kan bá pàdé ọ̀rọ̀ tuntun ní ilé ìwòsàn tàbí nínú ẹ̀kọ́, yóò kọ ọ́ síbẹ̀, yóò sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, kí àwọn yòókù lè rí i lò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ jẹ́, tàbí ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà ọ̀fun, ibẹ̀ ni yóò yà sí.

"Ẹ kọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ fún àbúrò rẹ̀ létí ibùsùn aláìsàn," Nọ́ọ̀sì wí. "Ẹni tó bá ní nǹkan tó fẹ́ fi kún ti ẹlòmíì, kó kọ tirẹ̀ sísàlẹ̀. A kì í pa ti ẹlòmíì rẹ́ o."

Lẹ́yìn náà ló dárúkọ Tíṣà. "Fóònù ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní àmì ohùn. Tíṣà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa máa fi àmì sí i lórí."

Àmì ni Nọ́ọ̀sì ní kó fi sí i. Tíṣà gbọ́ èyí tó wù ú. Wọ́n ní kó wá gbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hú ilẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú àpò náà tí kò tọwọ́ bọ̀. Ó gé ti ẹni tó gùn, ó fa ti ẹni tó kúrú, ó tún gbólóhùn tò bí ẹni ń to àwo. Dírẹ́bà máa ń wò ó láti orí ibùsùn bó ṣe ń pòṣé sí fóònù.

"Ta lo tún... ń nà?" ó bi í. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń padà sí i lẹ́nu.

"Àwọn tí kò mọ̀wé kọ ni, bàbá wọn. Ẹ sinmi."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni Alágbàfọ̀ kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ àkọ́kọ́. Ọkùnrin kan ni tó ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ti máa ń dara pọ̀ mọ́ wọn, ṣẹ́ẹ̀tì àwọn oníbàárà á sì wà lórí ìkọ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni pé àwọn èèyàn tí kò lórí ló dúró tì í. Ohun tó kọ nìyí:

"EGBO IBUSUN. ki i bere bi egbo o, e gbo mi. o ma n bere bi ibi ti awo ara ti yipada o le dudu si o le pon o le gbona o le le koko. e fi atanpako te ibe. ti e ba gbe owo kuro ti awo ibe ko yi pada rara egbo ti bere niyen e ma duro de ki o la. e gbe eniyan yin kuro lori ibe lesekese. e ma yi won pada ni wakati meji meji. e wo gigise e wo egungun idi e wo ibadi lojojumo. mama mi lo fi ara won ko mi ni eko yi."

Kò sí àmì kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Gbólóhùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ bí aṣọ tó tóbi ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ. Tíṣà kà á dé ìdajì, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó fò lọ sí ìparí, ó bá ìyá oníyàá pàdé níbẹ̀. Ta ló bèèrè ìyá rẹ̀? Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n kọ, kì í ṣe ìtàn ìdílé. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó kọ tirẹ̀ sí i:

"Egbò ibùsùn: ọgbẹ́ tí ó máa ń jẹ yọ ní ara aláìsàn nítorí ìdùbúlẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́."

Gbólóhùn kan, àmì pé, ó mọ́ tónítóní. Ó kà á sókè fún Dírẹ́bà, ó sì lọ gbé omi tíì kaná.

Ní Ọjọ́bọ̀, Alágbàfọ̀ na ọwọ́ sókè ní kíláàsì fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ẹ má bínú o, Nọ́ọ̀sì. Mo kọ nǹkan kan sínú Àpò Ọ̀rọ̀, mi ò rí i mọ́. Òmíì ló wà níbẹ̀. Àbí èmi ni mo tẹ ibi tí kò yẹ?"

Nọ́ọ̀sì ní òun ò tíì ráyè wò ó. Ó bi wọ́n bóyá ẹnì kan mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu Tíṣà. Kò ju "Èmi ni, mo tún un kọ ni" lọ. Ṣùgbọ́n "A kì í pa ti ẹlòmíì rẹ́ o" dìde lọ́kàn rẹ̀, ó rí ojú àwọn èèyàn náà lórí fóònù, gbogbo wọn tí wọ́n ń pè é ní Tíṣà wa, ó sì tẹ orí ba bí ẹni tó ń wá nǹkan nílẹ̀.

Obìnrin kan tó kéré sí i dáadáa ló sọ̀rọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Télọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń tọ́jú.

"Yéè! Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni o," ó wí. "Láná, mo ń ka Àpò Ọ̀rọ̀, mo mú abẹ́rẹ́ dání, ìka mi kàn ń tẹ ibi tó wù ú, ojú ewé yẹn sì fò lọ. Alágbàfọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Ojú ń tì mí gan-an ni."

"Kò sí wàhálà," Alágbàfọ̀ dá a lóhùn. "Èyí tó wà níbẹ̀ náà dáa. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀wé jù mí lọ."

Tíṣà jókòó síbẹ̀, ó jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ bẹ̀bẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á sọ ọ́ tó bá yá. "Tó bá yá" di ọ̀la, ọ̀la di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Irọ́ tí èèyàn kò fẹnu pa ló ṣòroó jẹ́wọ́ jù, torí èèyàn á máa sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò kúkú sọ nǹkan kan. Àti pé Télọ̀ kò jẹ́ kó rọrùn. Láràárọ̀ ni obìnrin náà ń kí i lórí fóònù: "E karo Tisa wa, se baba ji dada?" Lọ́jọ́ kan, kí ọkàn rẹ̀ lè fúyẹ́ díẹ̀, Tíṣà fi àwàdà dá a lóhùn pé "Ẹ káàárọ̀" ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe "E karo". Télọ̀ ní ẹ ṣé gan-an, mà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Tíṣà ń nu ara Dírẹ́bà, ó rí ibì kan lókè ìdí rẹ̀, níbi tí egungun ti yọ díẹ̀, tó dúdú ju ara yòókù lọ. Ó fọwọ́ kàn án, ó gbóná díẹ̀. Ó wò ó bóyá ó ti là, kò là. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí omi. Ọgbẹ́ ni egbò ibùsùn, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí kì í ṣe ọgbẹ́. Ó ní aṣọ ibùsùn ló ká jọ tó mú un lára. Ó da páúdà sí i, ó sì dá ọkọ rẹ̀ padà sí ẹ̀yìn, torí ẹ̀yìn ni Dírẹ́bà fẹ́ràn láti fi lélẹ̀, kó lè máa rí ọ̀nà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, páúdà. Ọjọ́rú, páúdà. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, Dírẹ́bà ń fa ojú ro bí Tíṣà bá gbé e, ó bi í kí ló dé, ó ní kò sí nǹkan kan. Ọkùnrin tí kì í fẹ́ da ìyàwó rẹ̀ láàmú ni.

Ní Sátidé, ọmọ wọn dé. Àwọn méjèèjì jọ yí bàbá náà sí ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n lè pààrọ̀ aṣọ ibùsùn.

"Màámi!"

Awọ ibẹ̀ ti bó. Ó fẹ̀ tó bọ́tìnnì kóòtù, ó pọ́n, ó tutù lójú, páúdà sì ti dì mọ́ etí rẹ̀ bí ẹfun ara ògiri.

"Láti ìgbà wo ni?"

"Kò rí báyìí lọ́jọ́ Ajé."

"Lọ́jọ́ Ajé? Ẹ ti rí i láti ọjọ́ Ajé?" Ọmọ náà kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Ṣé kò sí nǹkan tó jọ èyí nínú ẹ̀kọ́ yín ni?"

"Ọ̀sẹ̀ keje ni wọ́n máa kọ́ wa ní ti awọ ara."

"Ìwé ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ńkọ́?"

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ mú fóònù lórí tábìlì, ó wá ojú ewé náà, ó kà á sókè. "'Ọgbẹ́ tí ó máa ń jẹ yọ ní ara aláìsàn nítorí ìdùbúlẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́.' Ó parí. Kò sọ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Kò sọ ohun tí èèyàn máa ṣe. Màámi, èyí ò sọ nǹkan kan. Ta ló kọ ọ́?"

Tíṣà gbọ́ ohùn ara rẹ̀. "Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni."

Dókítà tó wò ó ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò kò bínú sí wọn. Ó fọ ojú egbò náà, ó dì í, ó kọ́ Tíṣà bí yóò ṣe máa pààrọ̀ ohun tó fi dì í. Bó ṣe ń fọ̀ ọ́, Dírẹ́bà fi ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ṣì lágbára di irin ibùsùn mú, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, kò sì pariwo.

"Ní bí ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn, àwọ̀ ara ibẹ̀ nìkan ni yóò ti yí padà," dókítà náà wí. "Bí ẹ bá ti gbé wọn kúrò lórí rẹ̀ nígbà yẹn, ì bá má là. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ò mọ̀."

Ẹ̀yin náà ò mọ̀. Gbólóhùn yẹn ló pa Tíṣà. Wọ́n ti sọ fún un. Ẹnì kan ti kọ ọ́ fún un, ó fẹ̀, ó kún, pẹ̀lú àtàǹpàkò àti gìgísẹ̀ nínú rẹ̀, òun ló pa á rẹ́ nítorí àmì àti kọ́mà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí Dírẹ́bà ti sùn ní ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú ìrọ̀rí lẹ́yìn, ó ṣí Àpò Ọ̀rọ̀. Ó fẹ́ rántí ohun tí ọkùnrin náà kọ kó lè dá a padà síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Kò rántí ju ìdajì lọ, torí kò kà ju ìdajì lọ. Bó ṣe ń tẹ ibí, tó ń tẹ ọ̀hún, ó rí ohun kan nísàlẹ̀ ojú ewé tí kò kíyè sí rí, lẹ́tà kéékèèké: "Àwọn àyípadà". Ó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ Alágbàfọ̀ jáde wá, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ilà pupa gba àárín rẹ̀ kọjá. Lókè rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: Tíṣà ló pa á rẹ́. Ọjọ́ wà níbẹ̀. Aago wà níbẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kẹta, fún ẹnikẹ́ni tó bá lójú.

Ó kà á tán ní ẹ̀ẹ̀kan yìí. Nígbà tó dé ibi ìyá ọkùnrin náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó pe Alágbàfọ̀.

"Ẹ̀yin ìyá wa! Ẹ káàárọ̀ mà." Tíṣà gbọ́ bí ooru ṣe ń tú fììì láti inú áyọ́ọ̀nù rẹ̀. "Bàbá ńkọ́? Ṣé ara wọn ń mókun?"

"Alágbàfọ̀, èmi ni mo pa ọ̀rọ̀ yín rẹ́."

Áyọ́ọ̀nù náà tú ooru lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Mo mọ̀, mà."

"Ẹ mọ̀?"

"Láti ọjọ́ kejì tí mo bèèrè rẹ̀ ní kíláàsì. Ibì kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sí."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ̀rọ̀?"

"Kí ni n bá sọ? Mo wo tèmi, mo wo tiyín. Tiyín gún régé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, Tíṣà. Mo ní bóyá bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, èmi ni mi ò mọ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlá mìíràn tí mo ti kọ sínú ìwé pélébé kan níbí, mo bá gbé e jù sínú dúrọ́ọ̀."

Tíṣà fi ọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú. "Télọ̀ ńkọ́? Ó ṣì rò pé òun ni."

"Rárá o. Mo pè é lọ́jọ́ náà gan-an, mo ní kó má da ara rẹ̀ láàmú. Mi ò sọ ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n òun náà mọ bí wọ́n ṣe ń wá nǹkan."

Nítorí náà Télọ̀ mọ̀. Ní gbogbo àárọ̀ tó ń kí i tó ń bèèrè bàbá, ó mọ̀. Lọ́jọ́ tí Tíṣà kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ "Ẹ káàárọ̀", ó mọ̀, ó sì dúpẹ́. Bí ilẹ̀ bá lanu nínú pálọ̀ yẹn, Tíṣà ì bá bọ́ sínú rẹ̀ láìbọ́ bàtà.

Ó sọ ti Dírẹ́bà fún Alágbàfọ̀. Kò fi nǹkan kan pa mọ́, ó sọ ti páúdà, ó sọ ti irọ́ tó pa fún ọmọ rẹ̀. Ó rò pé ọkùnrin náà yóò bínú, ó tilẹ̀ ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn Alágbàfọ̀ yí padà sí èyí tí kò gbọ́ rí, ohùn ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ibo ló wà? Egungun ìdí? Ṣé ó jìn? Ó dáa. Ẹ má fi nǹkan kan sí i yàtọ̀ sí ohun tí dókítà fún yín. Páúdà, ẹ jù ú nù. Ẹ má fọwọ́ ra ibẹ̀ rárá. Ẹ ti wo gìgísẹ̀ wọn? Ẹ lọ wò ó, mo dúró."

Tíṣà lọ wò ó. Gìgísẹ̀ dáa. Ó padà wá jíṣẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ ojúgun wọn, kí gìgísẹ̀ má kan ibùsùn. Bí wọ́n bá fẹ́ rí ọ̀nà, ẹ yí ibùsùn náà padà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fi ẹ̀yìn nìkan lélẹ̀." Tíṣà gbọ́ bó ṣe gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. "Ti ìyá mi dé egungun kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo ń fọ aṣọ wọn, mo ń lọ̀ ọ́, aṣọ wọn mọ́ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Mi ò wo abẹ́ rẹ̀. Ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n fi jẹ̀rora rẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ nìyẹn, kí ẹlòmíì lè rí i kó tó pẹ́."

Ọkùnrin náà sọ pé oníbàárà dé, ó ní kí wọ́n bá òun kí bàbá.

Nínú ilé, ọkọ rẹ̀ ni Tíṣà kọ́kọ́ sọ fún. Ó fa àga sún mọ́ ibùsùn, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Dírẹ́bà gbọ́ ọ tán, ó yí ojú sí fèrèsé. Wọ́n jẹun láìsọ̀rọ̀. Tíṣà yí i padà lẹ́yìn wákàtí méjì, ó tún yí i padà lẹ́yìn wákàtí méjì mìíràn. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀ ló tó bi í, "Kí lo rí... nínú ìwé... tí o kò rí... èèyàn?" Kò dúró gba èsì. Ó ti dijú.

Lórí fóònù ló ti sọ fún ọmọ rẹ̀. "Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn."

"Mo mọ̀, Màámi. Ta ló tún ń kọ 'ọlọ́jọ́ pípẹ́' láyé yìí bí kò ṣe ẹ̀yin?" Ọmọ náà mí kanlẹ̀. "Mo ń dúró kí ẹ sọ ọ́ fúnra yín ni."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago mẹ́rin, ó na ọwọ́ sókè. Ó ti kọ ohun tó fẹ́ sọ sínú ìwé, pẹ̀lú àmì, ṣùgbọ́n nígbà tí Nọ́ọ̀sì pè é, ó ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Èmi ni mo pa ọ̀rọ̀ Alágbàfọ̀ rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Télọ̀ kọ́. Mo gbọ́ nígbà tó ń bẹ̀bẹ̀, mo sì dákẹ́. Ohun tí mo kọ dípò rẹ̀ kò wúlò. Ọkọ mi ti ní egbò báyìí, ní ibi tí Alágbàfọ̀ ní ká máa wò gan-an. Mo ti dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà bó ṣe kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ kà á lónìí, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ keje."

Láti ilé ẹnì kan, omi ń dà láti ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni Télọ̀ sún mọ́ fóònù rẹ̀.

"Tíṣà, mo ti mọ̀ tipẹ́, mi ò sì bínú sí ti ọ̀rọ̀ tí ẹ pa rẹ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀?"

"Ojú ló tì mí."

"Èmi náà, ojú tì mí lọ́jọ́ yẹn."

Tíṣà ní ó tọ́. Nọ́ọ̀sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun náà jẹ̀bi tí òun kò wo ojú ewé náà nígbà tí wọ́n béèrè, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà lórí oògùn lílò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìkíni Télọ̀ kò wá. Kò wá lọ́jọ́ kẹta. Ní ọjọ́ kẹrin, Tíṣà ló kọ́kọ́ kí i, ó bèèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì rí i pé òun kò bèèrè ẹ̀gbọ́n náà rí láti ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó tó wákàtí mẹ́ta kí èsì tó dé: "O n gbiyanju. E se." Ó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Egbò Dírẹ́bà gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kó tó pa ojú dé. Wọ́n yí ibùsùn náà padà kó lè rí ọ̀nà láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sì ń bá àwọn dírẹ́bà jà bíi ti tẹ́lẹ̀. Àpá kan wà níbẹ̀ tó ń dán, tí Tíṣà ń rí láràárọ̀.

Ti ìwé pélébé inú dúrọ́ọ̀ ló kù. Tíṣà bẹ Alágbàfọ̀ kó gbé e jáde. Ó ní òun ò fẹ́ kọ nǹkan kan síbẹ̀ mọ́, ìka òun wúwo. Tíṣà bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kó máa ka tirẹ̀ lórí fóònù, òun á máa kọ ọ́ bó bá ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni yóò wà lábẹ́ rẹ̀. Alágbàfọ̀ ronú sí i fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kó tó gbà. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni wọ́n mú, torí iṣẹ́ kì í pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà.

Ní Ọjọ́rú kejì, wọ́n dé orí omi mímu.

"Ẹ ka ohun tí ẹ kọ sí mi létí," Alágbàfọ̀ wí.

Tíṣà kà á. "'Kí ẹ tó fún wọn lómi, ẹ gbé wọn jókòó dáadáa. Ẹ má gbé orí wọn sẹ́yìn. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ fún wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e mì kí ẹ tó fún wọn ní òmíì, nítorí pé sùúrù ni olórí ìtọ́jú.'"

"Ẹ dúró, mà. Mi ò sọ ti ìparí yẹn."

Tíṣà wo ohun tó kọ. Lóòótọ́ ni. Ìka rẹ̀ ti kọ ọ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ojú gbà á tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń wò ó nínú pálọ̀ náà àyàfi Dírẹ́bà tó ti sùn.

"Ẹ má bínú," ó wí. "Mo ti yọ ọ́ kúrò."

"Ó dáa. Ẹ kọ èyí tó kàn."